Okùn Ojú Ọ̀nà Ìdí-Ọdán

"Ajidán, wọ́n ti gbé igi dí ọ̀nà lápá ibi tí wọ́n ń gbà lọ sí Bantè," ni Abel wí láti ẹnu ọ̀nà.

Kò wọlé. Láti àárọ̀ ni kò ti lè wọ ọ́fíìsì ọ̀gá rẹ̀ tààrà mọ́. Ẹnu ilẹ̀kùn ló ń dúró sí bí ẹni tí wọn kò tíì pè.

Mounirou kò gbójú sókè. Ó ti tẹ́ ìwé fífẹ̀ kan sórí tábìlì, ó sì ń fi lẹ́ẹ̀dì ya ìlú Ìdí-Ọdán sínú rẹ̀: títì ńlá tó ti Savalou wá, tó la ìlú kọjá lọ sí Bantè, mọ́ṣáláṣí, ọjà, àgọ́ ọlọ́pàá jàndáámù tí òun gan-an jẹ́ olórí rẹ̀, tí wọ́n fi ń pè é ní Ajidán. Ẹ̀yìn àgọ́ náà ni oko igi tíìkì ìjọba wà, ẹ̀yìn oko tíìkì sì ni wọ́n ń sin àwọn Mùsùlùmí sí. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló lọ síbi ìsìnkú yẹn, iwájú àgọ́ ló sì gbà.

"Igi mélòó?"

"Mẹ́ta. Wọ́n tún ń to òkúta mọ́ ọn. Àwọn onízẹ́mì tó ń fi alùpùpù kérò ní Pira ti dé, àwọn ti Akpassi náà ń bọ̀. Alùpùpù tó ọgọ́ta nígbà tí mo fi ibẹ̀ sílẹ̀."

"Wọ́n rí ọ?"

"Rárá. Ẹ̀yìn ilé ìwé ni mo gbà."

"Má jáde mọ́ lónìí," ni Mounirou wí, ó sì fa ìlà kan sórí ìwé náà níbi tí àwọn igi wà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, nínú oṣù kẹta ọdún 1997, nígbà tí kajú ń já lórí igi tí gbogbo ọmọ ìlú ń ṣa á. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé tó ṣáájú rẹ̀ ni ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀. Yasser, ọmọ Sànní alágbẹ̀dẹ, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ti já èrò rẹ̀ ìkẹyìn sílẹ̀, ó ń gun zẹ́mì rẹ̀ bọ̀ wálé. Bó ṣe yí kọ́nà ìdí igi ọdán ni ó kọ lu okùn tí àwọn jàndáámù ta dí ọ̀nà láti fi dá ọkọ̀ dúró. Okùn náà mú un lọ́rùn. Mounirou fúnra rẹ̀ ló gbé e sínú ọkọ̀ àgọ́, tó jókòó tì í títí wọ́n fi sáré gbé e dé ilé ìwòsàn ní Savalou. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọ náà ti kú. Wọ́n máa gbé e dé lọ́sàn-án yìí, wọ́n á sì sin ín lọ́jọ́ kan náà bí ẹ̀sìn ṣe wí.

Ohun tí wọ́n ń sọ kiri ọjà ni pé Abel ló pa á. Abel àti Yasser ti jà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, nítorí pé Abel gba ìwé alùpùpù rẹ̀, Yasser sì bú u, ó bú ìjọ aláṣọ funfun tó ń lọ pẹ̀lú. Gbogbo ọjà ló gbọ́. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n gbọ́ pé Abel ló wà nídìí okùn lálẹ́ àná, wọn kò béèrè ohun mìíràn mọ́. Wọ́n ní ó sá pamọ́ sídìí igi, ó sì fa okùn náà sókè nígbà tó rí i tí ó ń bọ̀.

Ènìyàn méjì péré ló mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì náà ló sì wà lọ́fíìsì yìí. Iwájú àgọ́ ni okùn yẹn máa ń wà, lábẹ́ àtùpà. Mounirou ló ní kí wọ́n gbé e lọ sí kọ́nà, nítorí pé àwọn awakọ̀ ń rí i lókèèrè, wọ́n sì ń yà sínú igbó. Abel ti béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Àtùpà ńkọ́, Ajidán? Kẹrosíìnì ti tán." Mounirou ń kọ̀wé lọ́wọ́ nígbà náà. Ó ní, "So àkísà funfun mọ́ ọn. Ilẹ̀ kò ní tíì ṣú." Kò tilẹ̀ wo ojú ọmọkùnrin náà nígbà tó ń sọ ọ́.

Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ọ̀gá ni, láti Savalou.

"Sọ́jà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti wà nínú ọkọ̀," ni ọ̀gá wí. "Tajútajú wà lọ́wọ́ wọn. Wákàtí wo lo fẹ́ kí wọ́n dé?"

"Mo fẹ́ kí wọ́n dúró síbi afárá, ọ̀gá. Kìlómítà mẹ́rin péré ni. Kí wọ́n má wọ ìlú àfi tí mo bá pè wọ́n."

"Tí wọ́n bá ti sun àgọ́ yẹn kó o tó pè ńkọ́?"

"Tí àwọn ènìyàn bá rí ọkọ̀ sọ́jà kí wọ́n tó rí òkú ọmọ wọn, ìjà ni wọ́n máa bá dé."

Ènìyàn dáadáa ni ọ̀gá, kì í kánjú. "Ìwọ lo mọ ìlú rẹ," ló wí níkẹyìn. "Wọ́n á dúró síbi afárá. Ọ̀ràn okùn yẹn, ìwádìí máa ti ọ̀dọ̀ wa wá. Títí dìgbà náà, má sọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni."

"Mo gbọ́, ọ̀gá."

Ó pe Éphraïm, tó dàgbà jù nínú wọn, tó ku ọdún méjì kó fẹ̀yìn tì, ó ní kó kó gbogbo ìbọn sínú yàrá ẹ̀yìn, kó tì í pa, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Abel, tí kò tíì pé ọdún méjì tó ti ilé ẹ̀kọ́ jáde, kò lè mú un mọ́ra.

"Ajidán, wọ́n kọ́ wa pé tí èrò bá ń bọ̀, ká tò lọ́nà méjì síwájú ilé, kí wọ́n rí i pé a wà níbẹ̀."

"Wọ́n kọ́ yín dáadáa. Ṣùgbọ́n márùn-ún ni wá. Wá wo ìwé yìí."

Abel wọlé níkẹyìn. Mounirou fi lẹ́ẹ̀dì tọ́ka síwájú àgọ́. "Tí wọ́n bá dé ibí, tí ẹ̀rù bá bà wọ́n, ibo ni wọ́n máa sá gbà?"

"Ẹ̀yìn."

"Ẹ̀yìn ti kún fún àwọn tó ń bọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni ògiri ilé ìtọ́jú aláìsàn. Ọwọ́ òsì ni wáyà ẹlẹ́gùn-ún oko tíìkì." Ó gbé lẹ́ẹ̀dì sílẹ̀. "Ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, ní ìlú kan lápá ìsàlẹ̀, èmi náà wà lórí ìlà. A ò yìnbọn. Ọ̀gá wa ní ká sún síwájú, a sì sún síwájú. Ògiri kan wà lẹ́yìn àwọn ènìyàn yẹn, a ò kà á sí. Àwọn mẹ́ta kú mọ́ ògiri náà. Ẹsẹ̀ ara wọn ló tẹ̀ wọ́n pa. Ọ̀kan nínú wọn ń ta búrẹ́dì, búrẹ́dì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀."

Abel fi ìka tọ ìlà wáyà náà lórí ìwé.

"Ní kí àwọn yòókù lọ gé wáyà yẹn," ni Mounirou sọ fún Éphraïm. "Kí wọ́n gé e lójú mẹ́ta, kó fẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ sá lè rí ibi sá sí."

"Wáyà ìjọba ni, Ajidán. Wọ́n á béèrè."

"Màá kọ ọ́ sínú ìwé pé èmi ni mo ní kí ẹ gé e."

Abel gbójú sókè, ó wò ó. Ìwò yẹn kò pẹ́, ṣùgbọ́n Mounirou rí i, ó sì mọ ohun tó ń béèrè: ti okùn ńkọ́? Ó ká ìwé rẹ̀, ó mú fìlà rẹ̀, ó jáde.

Ẹsẹ̀ ni òun àti Éphraïm fi rìn dé mọ́ṣáláṣí. Kò gbé ìbọn, kò sì jẹ́ kí Éphraïm gbé igi. Lójú ọ̀nà, ó yà sọ́dọ̀ obìnrin tó ń ta ọtí sódàbì lẹ́bàá ọjà, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣí títí di ọ̀la. Obìnrin náà ti ilẹ̀kùn rẹ̀ lójú wọn láìjiyàn. Ó tún yà sí ilé àwọn amọ̀kòkò, ó ní kí wọ́n bá òun gbé ìkòkò ńlá mẹ́rin síwájú àgọ́, kí wọ́n pọn omi kún un. Wọ́n bi í pé ta ni ó máa mu ún. Ó ní ẹnikẹ́ni tí òùngbẹ bá ń gbẹ.

Lèmọ́mù wà lórí ẹní lábẹ́ àtíbàbà mọ́ṣáláṣí, àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Sànní bàbá olóòkú jókòó tì í, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún èédú iṣẹ́ rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Gafarou, olórí àwọn onízẹ́mì, ló dúró.

"Ẹ kú àmúmọ́ra, Bàbá," ni Mounirou wí, ó dọ̀bálẹ̀ fún Sànní. "Ọlọ́hun á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere."

Lèmọ́mù ló ní "Àmín" fún un, ó sì ní kó jókòó.

Mounirou sọ ohun tó mú un wá. Ó ní ọ̀nà tó lọ síbi ìsìnkú gba iwájú àgọ́, òun kò sì ní dí ọ̀nà náà fún ẹnikẹ́ni. Ó ní kí Gafarou yan ọkùnrin mẹ́wàá tí àwọn ọmọ ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, kí wọ́n so aṣọ funfun mọ́ apá, kí àwọn ni wọ́n máa darí èrò, kì í ṣe jàndáámù. Ó ní òun ti dá àwọn ọkọ̀ tó ń gbé bẹntiróòlù dúró ní Bantè kí iná má baà sọ. Ohun kan tí òun ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí wọ́n gbé igi kúrò lójú títì, kí ọkọ̀ aláìsàn lè kọjá.

Gafarou tẹ́tí gbọ́ ọ dé òpin. Ọkùnrin bí ọmọ ọdún márùndínlógójì ni, kì í pariwo. "Gbogbo èyí dára, Ajidán. A máa gbé igi kúrò. Mo ti mọ àwọn mẹ́wàá tí màá yàn. Ṣùgbọ́n ọ̀kan kù. Abel. Ẹ fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́ níwájú wa, kí ẹ gbé e sọ́kọ̀ lọ sí Savalou. Kí àwọn ọmọ rí i. Tí wọ́n bá ti rí i, èmi ni mo dúró fún wọn, òkúta kan kò ní fò."

Atẹ́gùn fẹ́ eruku kọjá níwájú wọn. Mounirou mọ̀ pé òótọ́ ni ọkùnrin náà ń sọ. Tí òun bá gbà, gbogbo ìlú á rọ̀ kí oòrùn tó wọ̀, àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tó wà níbi afárá á padà sílé, ọ̀gá á sì fi òun ṣe àpẹẹrẹ rere fún àwọn olórí àgọ́ mìíràn.

"Ṣé òun ló ṣe é?" Lèmọ́mù ló béèrè.

"Ìwádìí ń bọ̀ láti Savalou, Bàbá."

"Mi ò bi yín nípa ìwádìí."

Mounirou yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. "Ẹ fún mi láàyè títí wọ́n á fi gbé ọmọ náà dé," ló wí, ó sì dìde.

Ilé ló gbà lọ. Bilkissou ìyàwó rẹ̀ ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà lábẹ́ igi mángòrò, kò sì dá iṣẹ́ dúró nígbà tó rí i.

"Mo lọ kí Falilatou láàárọ̀," ló wí. Falilatou ni ẹ̀gbọ́n Yasser, òun ló ń di irun fún ọ̀pọ̀ obìnrin Ìdí-Ọdán. "Kò sunkún. Ó kàn jókòó. Ó bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo."

"Kí ló bi ọ́?"

"Ó ní ta ló ní kí wọ́n gbé okùn kúrò níbi tó máa ń wà. Mo ní mi ò mọ̀." Ó da ẹ̀wà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sínú igbá. "Ṣé o mọ̀, Bàbá Ganiath?"

Mounirou bomi nínú ìkòkò, ó mu ún tán, ó sì fi ife bo ìkòkò náà padà.

"Èmi ni."

"Abel mọ̀?"

"Abel ló bi mí léèrè àtùpà."

Bilkissou gbé igbá ẹ̀wà náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ilé ìjọba ni wọ́n wà, mángòrò tí ó jókòó sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, ti ìjọba ni. Ganiath, àkọ́bí wọn, fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde lọ́dún náà. Mounirou rí gbogbo èyí lójú rẹ̀ bí ó ṣe ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Wọ́n á lé ẹ," ni Bilkissou wí.

"Ó lè ju lílé lọ."

"Mo mọ̀." Ó dìde, ó gbọn ìdí aṣọ rẹ̀. "Mi ò ní sọ ohun tó yẹ kó o ṣe fún ẹ. Ṣùgbọ́n ìyá Abel wà láyé ní Tchetti. Jẹun kó o tó lọ."

Ó gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún un. Mounirou bu òkèlè kan, ó fi í sílẹ̀ sínú àwo, ó sì padà sí àgọ́.

Abel ń dúró dè é lọ́fíìsì. Ó ti bọ́ bẹ́líìtì iṣẹ́ rẹ̀, ó ká a sórí tábìlì, ó sì gbé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tì í.

"Éphraïm ti sọ ohun tí Gafarou wí fún mi," ló ní. "Ẹ fi sí mi lọ́wọ́, Ajidán. Ọmọ mẹ́rin ló wà lọ́rùn yín. Èmi ò tíì ní. Tí wọ́n bá bi mí ní Savalou, màá ní èmi ni mo gbé okùn lọ síbẹ̀ fúnra mi."

Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀, ìyẹn ló sì le jù fún Mounirou láti gbọ́. Ó wo ọwọ́ ọmọkùnrin náà tó nà síwájú. Ó rántí pé nígbà tí òun náà jẹ́ ọmọ iṣẹ́ lábẹ́ ẹlòmíràn, tí àwọn mẹ́ta yẹn kú mọ́ ògiri, ọ̀gá òun kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ọmọ iṣẹ́ ló ṣi àṣẹ gbọ́. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó tako ìwé náà.

"Wọ bẹ́líìtì rẹ," ló wí. "Ìdí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ni wàá dúró sí. Tí mo bá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, kó o pe àwọn tó wà níbi afárá. Tí mi ò bá gbé e sókè, ohun yòówù kó o rí, má pè wọ́n."

Oòrùn ti rọ̀ díẹ̀ nígbà tí wọ́n kírun sí òkú náà lára tán. Láti ibi tó dúró sí níwájú àgọ́, Mounirou kọ́kọ́ gbọ́ ohùn àwọn àgbààgbà tó ń ṣe "lá ìláhà" bọ̀, lẹ́yìn náà ló rí aṣọ funfun tí wọ́n fi bo ọmọ náà, tó ń mì lókè orí wọn bí wọ́n ṣe ń gbé e. Ìgbà tí èrò náà yọ sójú ọ̀nà tán, ó mọ̀ pé wọ́n ju irínwó lọ. Ọkùnrin mẹ́wàá tó so aṣọ funfun mọ́ apá ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lọ́tùn-ún àti lósì. Àwọn obìnrin, tí kì í tẹ̀ lé òkú dé ibi ìsìnkú, ti wá dúró tẹ́lẹ̀ níwájú àgọ́, Falilatou sì wà láàárín wọn.

Kò sí jàndáámù mìíràn níta àfi Éphraïm, tó dúró ti ìkòkò omi pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Àwọn àgbààgbà mélòó kan yà, wọ́n mu omi, wọ́n sì dúpẹ́. Ìdajì èrò náà ti kọjá lọ nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn dúró. Òkúta wà lọ́wọ́ wọn. Gafarou wá síwájú, ó wo ẹ̀yìn Mounirou bóyá ọkọ̀ wà níbẹ̀, bóyá ẹnì kan wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Kò rí nǹkan kan. Ó mi orí, ó sì kúrò lójú ọ̀nà bí ẹni tó ní ọwọ́ òun ti mọ́.

"Abel dà?" ẹnì kan béèrè láti inú èrò.

"Ẹ mú un jáde!"

Òkúta kan bọ́ sórí páànù àgọ́, ó yí gbirigbiri sọ̀kalẹ̀. Èkejì fọ́ fèrèsé. Éphraïm sún mọ́ ọn. "Ká pè wọ́n, Ajidán?"

"Kò tíì tó bẹ́ẹ̀." Ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀ mọ́ra lẹ́yìn ìdí kó má baà gbé wọn sókè.

Falilatou ló jáde kúrò láàárín àwọn obìnrin. Kò yára. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ rí i pé òun ni, wọ́n dákẹ́ fún un. Ó dúró ní nǹkan bí ìṣísẹ̀ mẹ́rin sí Mounirou.

"Ajidán, mi ò béèrè Abel," ló wí. "Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ kò pọ̀. Ibí yìí ni okùn yẹn máa ń wà, lábẹ́ iná. Àbúrò mi mọ̀ ọ́n síbí. Ojoojúmọ́ ló ń kọjá níbí. Ta ló ní kí wọ́n gbé e lọ sínú òkùnkùn?"

Gbogbo ohun tó ti yà sórí ìwé láàárọ̀ ló wà níbi tó yẹ kó wà: omi, ojú wáyà tí wọ́n gé, aṣọ funfun lápá àwọn mẹ́wàá, ọkọ̀ lẹ́bàá afárá. Ìbéèrè yìí nìkan ni kò sí níbẹ̀. Ó rántí ohùn ọ̀gá rẹ̀ pé kó má sọ ohunkóhun. Ó bọ́ fìlà rẹ̀.

"Èmi ni," ló wí.

Àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́. Falilatou ní, "Ẹ sọ ọ́ sókè."

"Èmi Mounirou ni mo ní kí wọ́n gbé okùn lọ sí kọ́nà. Abel sọ fún mi pé kò sí kẹrosíìnì nínú àtùpà, mo ní kó ta á bẹ́ẹ̀. Kò fà á sókè. Kò sá pamọ́ sídìí igi kankan. Òun ló kọ́kọ́ sáré dé ọ̀dọ̀ Yasser. Ohun tí mo sọ yìí ni màá kọ sínú ìwé, orúkọ mi ni màá sì fi sábẹ́ rẹ̀."

Ariwo sọ. Òkúta kan bà á léjìká, òmíràn là á lókè ojú, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sínú ojú rẹ̀. Kò gbé ọwọ́ sókè. Ó gbọ́ tí Gafarou ń kígbe mọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, ó rí i tí àwọn mẹ́wàá fi ara wọn ṣe odi láàárín òun àti àwọn ọ̀dọ́ náà. Àwọn obìnrin tí ẹ̀rù bà sáré gba ojú wáyà tí wọ́n gé, wọ́n wọ inú oko tíìkì lọ, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó ṣubú.

Sànní ló mú un dópin. Ó ti wà níwájú pẹ̀lú òkú, ó sì padà wá, ó ń la èrò kọjá. Ó wo Falilatou, ó wo ọkùnrin tí ẹ̀jẹ̀ wà lójú rẹ̀. Ó dájú pé wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ náà fún un. Ó sọ̀rọ̀ ní èdè Ìṣà ilé wọn, ohùn rẹ̀ kò sì ju ti ẹni tó ń pe ọmọ wọlé lọ.

"Ọmọ mi wà nílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ sin ín."

Ó yí padà. Ọ̀kan tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà méjì, lẹ́yìn náà gbogbo wọn. Àwọn tí òkúta ṣì wà lọ́wọ́ wọn jù ú sẹ́bàá ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń lọ. Mounirou dúró títí ẹni tó gbẹ̀yìn fi wọ ẹ̀yìn igi tíìkì, kó tó jẹ́ kí Éphraïm fi omi wẹ ojú rẹ̀.

Lọ́fíìsì, Abel ṣì jókòó ti ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé tó fọ́. Ó dìde kúrò lórí àga fún ọ̀gá rẹ̀. Mounirou pe Savalou. Ó ní kí àwọn tó wà níbi afárá máa padà lọ, ó ní kò sí ẹni tó kú, kò sí ilé tó jó. Lẹ́yìn náà ló sọ èyí tó kù.

"Ọkọ̀ máa wá gbé ọ lọ́la," ni ọ̀gá wí. "Kó aṣọ dání. Mi ò mọ ìgbà tí wàá padà."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Bilkissou di ẹrù ọkọ rẹ̀ sínú báàgì kékeré kan. Mounirou kò wọ aṣọ iṣẹ́. Ó wọ bùbá àti ṣòkòtò, ó fi báàgì sílẹ̀ lẹ́bàá títì lọ́dọ̀ Éphraïm, ó sì gba ọ̀nà ilé Sànní lọ. Wọn kò tíì dáná sí ilé arọ. Àwọn tó wá kí wọn ti lọ kírun tán, kò sí ẹnikẹ́ni lójúde àfi Sànní lórí ẹní àti Falilatou tó ń gbálẹ̀.

Ó kí wọn lórí ìkúnlẹ̀. Falilatou ń gbálẹ̀ lọ. Sànní wo ọgbẹ́ tó wà lókè ojú rẹ̀, ó pẹ́ tó fi ń wò ó.

"Mi ò wá bẹ̀bẹ̀, Bàbá," ni Mounirou wí. "Wọ́n ń gbé mi lọ lónìí. Mo ní kí n má lọ láìwá."

"Ìwọ lo gbé e lọ sí Savalou," ni Sànní wí.

"Èmi ni."

"Ṣé ó sọ̀rọ̀ lọ́nà?"

Mounirou lè parọ́ kan tó dùn. Ó wá sí i lẹ́nu, ó sì gbé e mì. "Rárá, Bàbá. Kò lè sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹnì kan wà lọ́dọ̀ òun. Ó di ọwọ́ mi mú, kò sì tú u títí a fi rí iná Savalou."

Ìró ìgbálẹ̀ dáwọ́ dúró. Falilatou gbé e ti ògiri, ó wọlé, ó sì gbé àpótí ìjókòó kan jáde. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú Mounirou láìwo ojú rẹ̀, òun náà jókòó sétí ẹní bàbá rẹ̀.

"Jókòó," ni Sànní wí. "Bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó o ti gbé e. Má fo ibì kankan."

Mounirou jókòó, ó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ Savalou fun fèrè lójú títì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì dé ìdajì. Ọkọ̀ náà tún fun fèrè lẹ́ẹ̀kejì. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà lójúde, kò sí ẹni tó dìde.